Láti Ìfojúsóde dé Òrùka: Ìtàn Ìtọrọ Ìyàwó ní Gbangba Òde

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó ti di arúgbó, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìsinsìnyí kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ìfojúsóde. Ẹni tí ó bá tú u palẹ̀ yóò rí i pé ohun tí ó wí kò ju èyí lọ: fífi ojú sí òde. Nígbà tí ọmọkùnrin kan bá dàgbà tó ẹni tí í gbé ìyàwó, àwọn ènìyàn rẹ̀ a fi ojú sí òde, wọn a sì máa wo àwọn ọmọbìnrin tí ń lọ tí ń bọ̀, títí ọkàn wọn yóò fi balẹ̀ sí ọ̀kan. Láti òde ni ọ̀rọ̀ ìyàwó ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Inú ilé ni a sì ti í gbé e jókòó.

Ní ọjọ́ òní, ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní Sábó, ní agbègbè Yábàá ní Èkó, àti ní etí ọ̀sà tí ó wà lẹ́yìn Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, tí kò jìnnà sí i, a lè rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ ní gbangba níwájú ọ̀dọ́mọbìnrin, tí ó na òrùka sí i, tí ó sì ń bi í bóyá yóò fẹ́ òun, tí àwọn ọ̀rẹ́ sì dúró yíká pẹ̀lú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ń ya àwòrán wọn. Àwọn àgbà kan rí i, wọ́n mi orí, wọ́n ní àfarawé òyìnbó ni. Àwọn èwe kan rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ìfẹ́ tòótọ́ ni. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí a tó mi orí, kí a sì tó pàtẹ́wọ́, ó yẹ kí a bi ìtàn léèrè. Ohun tí ó sì yẹ kí a bi í kì í ṣe bóyá àṣà náà jẹ́ ti wa tàbí ti àlejò nìkan, bí kò ṣe èyí: ǹjẹ́ àyè wà fún ọmọbìnrin tí a ń tọrọ láti dáhùn bí ọkàn rẹ̀ ti rí?

Òde Àwọn Baba Wa

Àwọn ibi tí ojú ti ń rí ojú ní ayé àtijọ́ kò ṣòro láti kà. Ẹ̀bá odò ni ọ̀kan, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń pọnmi ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọjà ni èkejì, pàápàá ọjà alẹ́ tí a ń ná pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ fìtílà. Agbo eré òṣùpá ni ẹ̀kẹta, níbi tí àwọn èwe ti ń pàlọ́, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń jó. Ojú ọdún ni ẹ̀kẹrin, nígbà tí egúngún bá jáde, tí olúkúlùkù sì wọ aṣọ tí ó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ọ̀dọ́mọkùnrin lè wò, ó lè kí ni, ó lè ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ti í tọrọ. Ẹni tí ó bá dá ọmọbìnrin dúró ní ọ̀nà odò, tí ó sì wí fún un níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ fi í ṣe aya, àwọn ará ilé ọmọ náà yóò béèrè bóyá kò ní baba ni, tàbí bóyá kò sí àgbà kan ní agbo ilé wọn tí ó lè rán níṣẹ́.

Alárinà ni í gbé ọ̀rọ̀ láti òde wọ ilé. Obìnrin ni í sábà jẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìhà méjèèjì mọ̀, tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tí ẹnu rẹ̀ kò sì jo. Òun ni í jíṣẹ́ ọmọkùnrin fún ọmọbìnrin, òun náà ni í sì mú èsì padà. Bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹbí méjèèjì ń ṣe ìwádìí ní ìdákẹ́jẹ́: ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ kò sí nínú ìdílé yẹn? Ǹjẹ́ wèrè kò sí? Ǹjẹ́ wọn kì í jalè, ǹjẹ́ wọn kì í jẹ gbèsè tí wọn kì í san? Wọn a sì bi Ifá léèrè pẹ̀lú. Nígbà tí ohun gbogbo bá yọrí sí rere ni ọ̀rọ̀ a tó kan ọmọbìnrin fúnra rẹ̀, èyí ni a sì ń pè ní ìṣíhùn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìjọ́hẹn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ méjèèjì yìí, nítorí pé ìmọ̀ wà nínú wọn. Ìṣíhùn ni ṣíṣí ohùn. Ìjọ́hẹn ni jíjẹ́ “hẹn”, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a pè tí ó sì dáhùn. Àwọn tí ó sọ orúkọ wọ̀nyí mọ̀ pé ohùn kan wà nínú ọmọbìnrin tí ẹlòmíràn kò lè ṣí fún un. Alárinà a bi í níbi kọ́lọ́fín, lẹ́yìn ilé, tàbí nínú yàrá ìyá rẹ̀, tàbí níbi tí wọ́n ti ń dirun. Bí ó bá jẹ́ hẹn, ọmọkùnrin a fi ẹ̀bùn yẹ́ ohùn náà sí. Bí ó bá kọ̀, alárinà a mú èsì rẹ̀ padà lọ, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni yóò sì mọ̀. Ọmọkùnrin kì í di ẹni ẹ̀sín ní ọjà. Ọmọbìnrin kì í gba orúkọ agbéraga láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Òwe wí pé bí ojú bá ti mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀ba. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ alárinà ni láti dúró láàárín títí ìtìjú àti ìbẹ̀rù yóò fi kúrò lójú àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí nìkan ni a tó pe ayé jọ. Àwọn àgbà a jókòó fún ìtọrọ. Nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ ìdána, a ó gbé obì, orógbó, ataare àti oyin kalẹ̀, ọkọ yóò dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹbí ìyàwó, a ó ṣàdúrà, a ó jẹ, a ó mu. Ẹ kíyèsí bí a ti to ọ̀rọ̀ náà: òde ni ìwò, ìkọ̀kọ̀ ni ìdáhùn, gbangba sì ni àjọyọ̀. Alùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, ka ìpele mẹ́ta nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897: yíyan ọmọbìnrin ní kùtùkùtù, ìṣíhùn, àti ìgbéyàwó. Ó kú ní 1901, kò sì rí ìwé náà ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò, tí ó fi jáde ní 1921. N. A. Fádípẹ̀ pẹ̀lú, nínú iṣẹ́ ńlá tí ó kọ nípa àwùjọ Yorùbá fún oyè dókítà ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, kò fo ìjọ́hẹn dá.

Àbùkù Ọ̀nà Àtijọ́

Kí a má ba à tan ara wa jẹ, ọ̀nà àtijọ́ ní àbùkù tirẹ̀. Johnson kan náà tí ó kọ nípa ìṣíhùn ni ó kọ ọ́ pé àwọn obìnrin ilé ọkọ a máa yan ọmọbìnrin fún ọmọ wọn láti ìgbà èwe rẹ̀, ìbáà mọ̀, ìbáà má mọ̀. Ọmọ tí a ti fà fún ọkọ kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ọwọ́ òsì, ohùn wo ni yóò ṣí nígbà tí ó bá dàgbà? Baba rẹ̀ ti lè gba ẹ̀bùn fún ọdún púpọ̀. Àna rẹ̀ ti lè bá wọn ro oko, ó ti lè bá wọn bo ilé. Bí ọmọ náà bá wí pé òun kò fẹ́, gbèsè ni ó wí pé kí baba rẹ̀ lọ san. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ni ó jẹ́ hẹn pẹ̀lú ẹnu nìkan.

Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn rò nínú ọkàn wọn hàn nígbà tí ọ̀nà ṣí. A bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ̀nà irin ní Èkó ní 1896. Ó gba Ẹ̀búté-Mẹ́tta àti Yábàá, ó kọjá ní Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Àwọn obìnrin kan tí wọn kò fẹ́ ọkọ tí a yàn fún wọn tọ ọ̀nà irin náà lọ, àwọn mìíràn gba kóòtù lọ. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ sì pọ̀ ní Abẹ́òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkọ àti àwọn aláṣẹ ìlú fi ń kérora pé ayé bàjẹ́. Ayé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́. “Rárá” tí kò rí ibi sọ̀rọ̀ nígbà ìṣíhùn ni ó rí ibi sọ̀rọ̀ ní kóòtù, lẹ́yìn tí owó àti ọdún ti ṣòfò.

Àìná Ọmọ Òkè-Òdàn

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ilé àgbẹ̀ nìkan ni a ti ń fi agbára ṣí ohùn ọmọbìnrin, kí ó ka ìtàn Àìná. Ní 1848 àwọn ọmọ-ogun Gezo, ọba Dàhòmì, kọlu Òkè-Òdàn, wọ́n pa àwọn òbí ọmọbìnrin kékeré kan, wọ́n sì kó òun ní ẹrú. Ní 1850 Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan tí a ń pè ní Bonetta, lọ sí Àbọ̀mẹ̀. Ọba náà sì fi ọmọ yìí ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. A sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọgbọ́n orí rẹ̀, ó sì gbà láti máa tọ́jú rẹ̀. A rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Freetown, a tún mú un padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1855, ó sì bá ìdílé Alùfáà Schön gbé ní Kent.

Nígbà tí ó dàgbà, ọkùnrin kan wá tọrọ rẹ̀. James Pinson Labulo Davies ni orúkọ ọkùnrin náà, oníṣòwò Èkó tí a bí ní Sàró fún àwọn òbí Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Aya rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Ẹni rere ni: òun ni ó fi àádọ́ta pọ́n-ùn ran Alùfáà T. B. Macaulay lọ́wọ́ nígbà tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí ó kó lọ sí Bàrígà ní 1959, tí kò jìnnà sí Sábó. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn alárinà rẹ̀ sì ga jù lọ ní ayé, nítorí pé ìdílé ọba fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Sarah kọ̀.

Kí ni a ṣe sí ọmọbìnrin tí ó kọ̀? A mú un kúrò nínú ilé tí ara rẹ̀ ti mọ́, a sì mú un lọ sí Brighton láti máa bá obìnrin àgbàlagbà kan gbé, níbi tí inú rẹ̀ kò dùn. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọ lẹ́tà sí ìyàwó Alùfáà Schön, ẹni tí ó ń pè ní ìyá. Ó wí nínú rẹ̀ pé àwọn ènìyàn ń sọ fún òun pé ọkùnrin náà dára, àti pé bí òun kò tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nísinsìnyí, ìfẹ́ yóò dé bó bá yá. Ó ní òun kò gbàgbọ́ pé èyí lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Ó béèrè bóyá kí òun fi ìbàlẹ̀ ọkàn òun ra owó ni, ó sì dáhùn ara rẹ̀ pé ó tì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí kò ní baba, tí kò ní ìyá, tí oúnjẹ rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ ti ọwọ́ àwọn tí ń bẹ̀ ẹ́ wá, títí di ìgbà wo ni yóò lè dúró? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862, ní ìjọ Saint Nicholas ní Brighton, a so wọ́n pọ̀, ogunlọ́gọ̀ sì wá wòran.

Wọ́n padà sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi Èkó ṣe ilé. Ọbabìnrin ṣe ìyá ìsàmì fún ọmọ wọn àkọ́kọ́, tí a bí ní 1863, a sì sọ ọmọ náà ní Victoria. Sarah kú ní 1880 ní Madeira, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pa á, kò sì tíì pé ogójì ọdún. Davies gbé òpó òkúta kan dúró ní ìrántí rẹ̀ ní Ìjọn, níbi tí ó ní oko kòkó. Nítorí náà kò yẹ kí a wí pé ọkùnrin náà jẹ́ ọkọ búburú. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ọkùnrin lè dára, ìgbéyàwó lè ní ọlá, ìbéèrè náà sì lè burú síbẹ̀, bí ẹni tí a ń bi kò bá ní ibi tí yóò gbé “rárá” rẹ̀ lé.

Òfin, Ìkéde, àti Lẹ́tà

Ní 1884 ìjọba Èkó ṣe Òfin Ìgbéyàwó. Ẹni tí ó bá gbéyàwó lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́ aya kejì, ogún rẹ̀ sì di ti aya náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti wí. Àwọn ìdílé ọ̀mọ̀wé ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí dàpọ̀ ọ̀nà méjì: wọn kò fi ìdána sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi òrùka, lẹ́tà àti ìkéde kún un. Ìkéde yìí yẹ kí a wò dáradára. Ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta, àlùfáà a ka orúkọ ọkọ àti ìyàwó sétí gbogbo ìjọ, a sì pe ẹnikẹ́ni tí ó mọ ìdènà kan pé kí ó sọ ọ́. Títí di òní, òfin Nàìjíríà ṣì ń béèrè pé kí a lẹ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ sí ilé akọ̀wé ìgbéyàwó, kí ọjọ́ mọ́kànlélógún sì kọjá kí a tó fún ni ní ìwé àṣẹ. Gbangba ni èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti mú ọmọbìnrin dáhùn ni a ṣe mú un wá sí gbangba. Ó ti dáhùn tẹ́lẹ̀. A mú un wá sí gbangba kí ayé lè dá wọn dúró bí ẹ̀tàn bá wà níbẹ̀.

Lẹ́tà pẹ̀lú di alárinà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ̀wé lè kọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ; ọmọbìnrin tí ó mọ̀wé lè kà á ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì fi èsì rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan bí ó bá wù ú. Àṣẹ́kù rẹ̀ kan wà níbi ìdána lónìí: lẹ́tà ìtọrọ tí a fi rẹ́bọ́ọ̀nù dì, tí ìdílé ọkọ gbé wá, tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti ilé ìyàwó a sì kà sókè níwájú alága ìdúró àti alága ìjókòó.

Bí Sábó Ti Di Òde Tuntun

Orúkọ Sábó, ọ̀rọ̀ Haúsá ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni tuntun. Láti inú Sábon Gàrí, ìlú tuntun, ni ó ti wá, bí ó ti wà ní ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Tuntun ni Yábàá pẹ̀lú. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1924, ó sì ń jà fún ọdún mélòó kan. Ìjọba dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú Èkó sílẹ̀ ní 1928, a sì ń la òpópónà gbọọrọ ní Yábàá kí àwọn ènìyàn lè kúrò nínú ìhá Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀lé òpópónà. Ìjọ CMS àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Igbobi College sílẹ̀ ní 1932; a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá ní gbangba ní 1934; ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́-ọwọ́ tẹ̀lé e ní 1947, èyí tí ó di Yaba College of Technology; Yunifásítì Èkó sì dé sí Àkọkà lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1962. Ní 2011, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ rí ilé ìpàdé tiwọn, Co-Creation Hub, lójú títì Herbert Macaulay ní Sábó.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìyàwó? Ó ní púpọ̀. Láti Ìjẹ̀bú, láti Èkìtì, láti Ọ̀yọ́, láti ilẹ̀ Ìgbò àti láti Òkè Ọya ni àwọn ọ̀dọ́ ti wá sí ibí yìí fún ẹ̀kọ́ tàbí fún iṣẹ́. Ìyá tí yóò fi ojú sí òde fún wọn kò sí nítòsí. Inú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, níbi tí aládùúgbò ti ń gbọ́ ìkọ́ aládùúgbò. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí pálọ̀ tí ọmọkùnrin lè gbà jókòó bá ọmọbìnrin sọ ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé wọn. Nítorí náà òde ni ó di ìkọ̀kọ̀ wọn: abẹ́ igi nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, etí ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà tí wọ́n jọ ń rìn láti ọjà Sábó dé ibùdókọ̀. Ẹni tí ó bá bá wọn wí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyàwó ní òde, kí ó kọ́kọ́ fún wọn ní ilé tí wọn yóò ti sọ ọ́.

Òrùka àti Orúnkún

Òrùka tí a ń nà sí ọmọbìnrin náà ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì ti ń fi òrùka fẹ́ ìyàwó sọ́nà. Ní 866, nígbà tí Póòpù Nicholas Kìíní ń dáhùn ìbéèrè àwọn ará Bùlùgéríà, ó dárúkọ òrùka ìfẹ́sọ́nà láàárín àwọn àṣà, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ìfohùnṣọ̀kan ọkọ àti ìyàwó ni ó ń sọ ìgbéyàwó di ìgbéyàwó, àti pé bí ìyẹn bá ṣaláì sí, gbogbo ayẹyẹ yòókù di asán. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ Róòmù ti bá ìṣíhùn àwọn baba wa mu! Òkúta dáyámọ́ńdì orí òrùka kò sì fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ láàárín àwọn mẹ̀kúnnù: ìpolówó ọjà tí ilé iṣẹ́ De Beers gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1947 ni ó ran án káàkiri ayé. Ní ti ìkúnlẹ̀, ọ̀nà tí àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù fi ń júbà olúwa wọn ni. Ọkùnrin Yorùbá kì í kúnlẹ̀ kíni. Ìdọ̀bálẹ̀ ni tirẹ̀, àwọn àna ni ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún. Nítorí náà ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kúnlẹ̀ ní Sábó ń ṣe ohun kan tí baba ńlá rẹ̀ kò ṣe: ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ni ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún, kì í ṣe ẹbí rẹ̀. N kò rí àbùkù nínú ìyẹn.

Ètò rẹ̀ sì gba ìrònú ju bí àwọn òǹwòran ti rò lọ. Ẹni tí yóò ṣe é ní òde gbọ́dọ̀ mọ òjò, nítorí pé oṣù kẹfà ni òjò Èkó ń pọ̀ jù. A sábà máa dẹwọ́ ní oṣù kẹjọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì dára jù gbogbo rẹ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ wákàtí, nítorí pé oòrùn a máa wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí agogo méje, ilẹ̀ a sì tètè ṣú. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ariwo ọkọ̀ dáńfó àti ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, kí ohùn má ba à ṣòro gbọ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ìka ọmọbìnrin náà láì bi í. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò fara pamọ́, ọ̀kan yóò tan ọmọbìnrin náà wá pẹ̀lú àwáwí. Gbogbo èyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin rò tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin nìkan ni kò rò ó tẹ́lẹ̀, òun ni a sì ń retí pé kí ó dáhùn kí ojú tó ṣẹ́.

Níbí ni ọ̀ràn náà wà. Ní ayé àwọn baba wa, ìkọ̀kọ̀ ni ìdáhùn, gbangba ni àjọyọ̀. Àṣà tuntun yìí mú ìdáhùn wá sí ojú agbo, ó sì fi àjọyọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá fẹ́ wí pé “rárá”, tàbí “fún mi ní àyè kí n rò ó”, yóò wí i níwájú àwọn tí ó ti ń pàtẹ́wọ́, àti níwájú ẹ̀rọ tí yóò gbé ojú rẹ̀ dé ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí ó bá kọ̀, a ó ní ó dójú ti ọkùnrin. Bí ó bá gbà nítorí ìtìjú, yóò padà sọ òtítọ́ ní ìkọ̀kọ̀ lọ́la, tàbí kí ó sọ ọ́ ní kóòtù lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn òǹwòran tí ó ṣù bò ó ní etí ọ̀sà ń ṣe iṣẹ́ tí ilé ọba ṣe fún Àìná ní Brighton, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣe é.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ ìtàn ìránṣẹ́ Ábúráhámù. Ní ẹ̀bá kànga ni ó ti rí Rèbékà, ibẹ̀ kan náà ni ó sì ti fún un ní òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́; ìfojúsóde ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé ni ó ti sọ iṣẹ́ tí a rán an. Nígbà tí ó sì fẹ́ mú ọmọ náà lọ kánkán, àwọn ará ilé rẹ̀ pè é, wọ́n bi í bóyá yóò bá ọkùnrin náà lọ, wọ́n sì dúró de èsì rẹ̀. Ọ̀nà náà ṣì ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Sábó. Kí ọmọkùnrin kọ́kọ́ bá ọmọbìnrin sọ ọ̀rọ̀ náà ní àwọn méjì péré, ìbáà jẹ́ ní ojú ọ̀nà, ìbáà jẹ́ lábẹ́ igi, kí ó sì fún un ní ọjọ́ tí ó tó láti rò ó. Kí ó mọ̀ bóyá ó fẹ́ ojú agbo tàbí kò fẹ́, nítorí pé onítìjú wà, ẹni tí ó fẹ́ràn ariwo sì wà. Kí àwọn òbí gbọ́, kí ìwádìí má sì parẹ́. Ní ayé ìsinsìnyí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kún un, nítorí àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Lẹ́yìn tí ohùn bá ti ṣí, bí ó bá wù wọ́n kí wọ́n gbé òrùka lọ sí etí ọ̀sà kí gbogbo Àkọkà sì pàtẹ́wọ́, ta ni yóò dá wọn lẹ́kun? Àjọyọ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n há.

Àti ẹ̀yin tí ń dúró yíká nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀: bí ẹ bá rí i pé ọmọbìnrin náà dákẹ́, tí ojú rẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbà, ẹ gbé ẹ̀rọ yín sọ̀kalẹ̀, kí ẹ yẹ̀ba díẹ̀, bí alárinà ti í ṣe. Ohùn ọmọbìnrin náà ni a ń dúró dè, kì í sì í ṣí dáradára níbi tí ariwo bá ti pọ̀.